Kóńgò, Ẹnu àti Owó Iṣẹ́: Ibi Tí Ìwà Onígbàgbọ́ Ti Ń Fara Hàn

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ yọ̀ǹda àkókò yín, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí Onígbàgbọ́ ṣe lè máa hu ìwà tí ó yẹ ìpè rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ìwàásù náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń parí sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọn a ka orúkọ àwọn ìwà rere náà sí wa létí, ìfẹ́, ìrẹ̀lẹ̀, sùúrù, òtítọ́, a ó ṣe àmín, a ó sì padà sílé láìmọ ohun tí a ó fi ọwọ́ wa ṣe lọ́nà mìíràn bí ilẹ̀ bá mọ́. Nítorí náà, ibi kan nínú Bíbélì ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ lónìí, nítorí pé kò fi ààyè sílẹ̀ fún irú àmín bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 3, láti ẹsẹ 7 títí dé ẹsẹ 14.

Lúùkù sọ àkókò náà fún wa: ọdún 15 ìjọba Tìbéríù Késárì ni, nígbà tí Pọ́ńtíù Pílátù jẹ́ gómìnà Jùdíà. Jòhánù ọmọ Sakaráyà ń wàásù káàkiri agbègbè odò Jọ́dánì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dẹ̀ rárá. Ó sọ fún ogunlọ́gọ̀ tí ó wá ṣe ìtẹ̀bọmi pé kí wọ́n má ṣe fi jíjẹ́ ọmọ Ábúráhámù tan ara wọn jẹ, kí wọ́n so èso tí ó yẹ fún ìrònúpìwàdà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì bi í pé kí ni kí àwọn wá ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní kí ẹni tí ó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní, kí ẹni tí ó ní oúnjẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn agbowó-òde bi í, ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a pa láṣẹ fún wọn lọ. Àwọn ọmọ-ogun bi í, ó ní kí wọ́n má ṣe fi ipá gba ohun ẹlòmíràn, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni, kí owó ọ̀yà wọn sì tó wọn.

Jòhánù fúnra rẹ̀ ń gbé inú aginjù. Aṣọ irun ràkúnmí ni ó ń wọ̀, eṣú àti oyin ìgàn ni ó sì ń jẹ. Síbẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé kí ó wá máa gbé bí òun ti ń gbé. Kò ní kí agbowó-òde fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní kí ọmọ-ogun sọ ohun ìjà nù. Ẹnu ibi tí èrè ti ń wọlé gan-an ni ó fi ọwọ́ lé. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ owó ibodè ní agbègbè kan yóò kọ́kọ́ san iye tí ìjọba ń retí, yóò sì wá máa gbà á padà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn àgbẹ̀. Ohun tí ó bá lé lórí iye tí ó san ni yóò di tirẹ̀. Ẹ lè rí i nígbà náà pé gbólóhùn kúkúrú tí Jòhánù sọ fún wọn lè dín ohun tí ẹbí wọn ń jẹ kù. Kò sí ẹni tí yóò ṣe àmín sí i wẹ́rẹ́ láìronú.

Ohun tí mo rí nínú ìdáhùn náà, òun sì ni mo wá sọ, ni pé ìwà Onígbàgbọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ ẹni ti lágbára láti rẹ́ ẹlòmíràn jẹ tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un. Olúkúlùkù wa ni ó ní irú ibẹ̀ tirẹ̀. Ti agbowó-òde ni ìwé owó tí ó ń kọ. Ti ọmọ-ogun ni idà àti ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Tiwa ńkọ́?

Kí n tó lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ìjọ Gálátíà ní orí 5, nítorí pé òun ni a máa ń kà jùlọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwà: ìfẹ́, ayọ̀, àlàáfíà, ìpamọ́ra, ìwà pẹ̀lẹ́, ìṣoore, ìgbàgbọ́, ìwà tútù àti ìkóra-ẹni-níjàánu. A máa ń kọ ọ́ sára ògiri ilé ìsìn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a sì máa kà á lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 15 nínú orí kan náà, níbi tí ó ti ń kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá ń bu ara wọn ṣán tí wọ́n sì ń jẹ ara wọn, kí wọ́n ṣọ́ra kí wọ́n má baà pa ara wọn run. Ìjọ tí ń jà ni ó kọ ọ́ sí. Ẹ tún wo bí ó ti jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn èso wọ̀nyẹn ni ènìyàn kò lè so nígbà tí ó bá dá wà: ta ni a ó ṣe ìpamọ́ra fún bí kò bá sí ẹni tí ń bí wa nínú? Ta ni a ó ṣoore fún nínú yàrá àdúrà tí a ti tì pa? Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu yàrá àdúrà o. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá, bí Olúwa ti wí nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí 15, pé láìsí òun a kò lè ṣe ohun kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbàdúrà tí ó sì jáde lọ fi kóńgò tí a ti tẹ̀ wọnú ta gàrí, inú kóńgò yẹn ni a ó ti rí ohun tí àdúrà náà ṣe lára rẹ̀ àti èyí tí kò ṣe.

Gbogbo ẹni tí ń ra gàrí, ẹ̀wà tàbí ìrẹsì ní kóńgò ni ó mọ̀ pé kóńgò kò dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òmíràn wà tí wọ́n fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Aláṣọ wà tí ń na aṣọ bí ó ti ń wọ̀n ọ́n kí ọ̀pá lè tètè pé, ilé epo sì wà tí wọ́n ti yí ẹ̀rọ tí ń ka lítà. Àwọn kan wà tí ń fi kóńgò ńlá ra nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní oko tí wọ́n sì ń fi kékeré tà á ní ìgboro. Òfin Mósè mọ irú ènìyàn yìí dájúdájú: nínú Diutarónómì 25, Ọlọ́run ní kí a má ṣe ní oríṣi òṣùwọ̀n méjì nínú àpò, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, ó sì pe gbogbo ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìríra. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo gan-an ni, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ nípa kóńgò ní ọjọ́ ìsinmi.

Wòlíì Ámósì ará Tékóà ni ó sọ ọ́ lọ́nà tí ó máa ń dẹ́rù bà mí jù. Nínú orí 8 ìwé rẹ̀, ó sọ ohun tí àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì ń rò lọ́kàn: wọ́n ń béèrè ìgbà tí oṣù tuntun àti ọjọ́ ìsinmi yóò kọjá, kí àwọn lè ta ọkà, kí àwọn sọ éfà tí wọ́n fi ń wọn ọkà di kékeré, kí àwọn sọ ṣékélì tí wọ́n fi ń wọn owó di ńlá, kí àwọn sì fi òṣùwọ̀n ẹ̀tàn yan ènìyàn jẹ. Àwọn ènìyàn yìí kò ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n pa ọjọ́ náà mọ́, wọ́n jókòó sí àárín ìjọ, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n kọ orin dáadáa. Ọkàn wọn ni ó ti wà ní ọjà kí ìsìn tó parí, ète tí wọ́n ń pa sí aládùúgbò wọn ni ó sì sọ ìsìn wọn di ohun tí Ọlọ́run kò fẹ́ gbóòórùn, bí ó ti wí ní orí 5.

Ohun kan wà nínú ọjà wa tí mo fẹ́ràn púpọ̀, èènì ni. Bí a bá ra nǹkan tán, olùtajà yóò bù kún un, oníbàárà yóò sì dúpẹ́. Ìwà ọ̀làwọ́ ni, ó sì jọ òfin tí ó wà nínú Léfítíkù 19 pé kí olóko má ṣe kórè dé eteetí oko rẹ̀ kí tálákà lè rí nǹkan mú. Ṣùgbọ́n bí kóńgò bá ti dín kù láti ìdí, èènì kì í ṣe ọ̀làwọ́ mọ́, nítorí ohun oníbàárà ni olùtajà ń dá padà fún un díẹ̀díẹ̀, tí ó sì tún ń gba ọpẹ́ lé e. Ọ̀pọ̀ ọrẹ ìdúpẹ́ tí a ń gbé wá sí iwájú pẹpẹ rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́. Ẹ rántí Sákéù, olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò. Nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, ó ní òun yóò fi ààbọ̀ ohun ìní òun fún àwọn tálákà, kò sì dúró síbẹ̀: ó ní bí òun bá fi èrú gba ohun kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọrẹ fún tálákà àti ìdápadà fún ẹni tí a rẹ́ jẹ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. A mọ bí a ti ń ṣe èkíní láàárín wa. Èkejì ni a kò tíì kọ́, mi ò sì rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rí ẹni tí ó dìde nínú ìjọ pé òun lọ dá owó padà fún ẹni tí òun rẹ́ jẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn oníṣòwò tí ó wà níhìn-ín ń sọ lọ́kàn. Ẹ ń sọ pé bí gbogbo ìsọ̀ tó yí mi ká bá ń lo kóńgò títẹ̀ tí wọ́n sì ń tà ní iye tí ó dín, tí èmi nìkan bá lo kóńgò gidi tí iye tèmi sì wọ́n, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn ará kan bá irú rẹ̀ pàdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì 17, àwọn tí a ń pè ní Quaker, tí George Fox jẹ́ aṣáájú wọn. Wọ́n pinnu pé iye kan ṣoṣo ni àwọn yóò máa dá lé ọjà, iye tí àwọn yóò gbà gan-an, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá pe ọjà ní iye tí kò ní lọ́kàn láti gbà ti purọ́. Fox kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà sá fún wọn débi pé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n àwọn kan. Nígbà tí ó yá, àwọn ará ìlú rí i pé bí àwọn bá rán ọmọdé sí ìsọ̀ wọn, ohun tí àgbà yóò rí rà ni ọmọ náà yóò rí rà, wọ́n sì rọ́ padà. Mi ò sọ pé nínájà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ o. Ní ọjà tiwa, tọ̀tún-tòsì ni ó mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni iye tí a kọ́kọ́ pè. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé wọ́n gbà kí ebi pa wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ bóyá oníbàárà yóò padà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wàásù fún yín pé òtítọ́ a máa mú èrè wá nígbà gbogbo, kò sọ òtítọ́ tán. Nígbà mìíràn a máa mú un wá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ènìyàn a ṣe òtítọ́, a sì pàdánù.

Láàárín àwọn Quaker yìí kan náà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni John Woolman ti jáde, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, aránṣọ ni. Ọdún 1720 ni wọ́n bí i ní New Jersey. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá oníṣòwò kan ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ta ẹrúbìnrin kan, ó sì ní kí ó kọ ìwé títà rẹ̀. Oníbàárà ń dúró, ọ̀gá ni ó sì pàṣẹ. Woolman kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ lójú àwọn méjèèjì pé òun gbà pé kíkó ènìyàn lẹ́rú kò bá ẹ̀sìn Kristi mu. Nígbà tí ẹlòmíràn tún wá bá a láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó kọ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí aláìsàn bá ní kí ó bá òun kọ ìwé ìhágún tí a ó fi pín ẹrú fún àwọn ọmọ, yóò fi sùúrù ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi lè ṣe é, owó iṣẹ́ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wọ̀ sí ilé ẹni tí ó ní ẹrú, yóò san owó fún àwọn ẹrú náà nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un. Ọjà tí ó ń tà pẹ̀lú iṣẹ́ aṣọ gbèrú títí tí ó fi rí i pé ó ti ń gba ọkàn òun, ó sì dín in kù fúnra rẹ̀, ó ń júwe ìsọ̀ àwọn ẹlòmíràn fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Gẹ̀gẹ́ ìkọ̀wé ni ibi tí ìwà Woolman ti fara hàn. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bá àwọn ará rẹ̀ tí wọ́n ní ẹrú sọ̀rọ̀ ní ìwà tútù, kì í bú wọn, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọdún 1772 ni ó kú ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1776, ìpàdé ọdọọdún àwọn Quaker ní Philadelphia fi òfin de ẹrú níní láàárín ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá gidigidi. Ọdún 49 lẹ́yìn ikú Woolman ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, tí wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní gbogbo ìgbà tí ó pààrọ̀ ọwọ́, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó ka owó, ẹnì kan sì wà tí ó lè kọ̀ láti kà á. Àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gba ọkọ̀ náà ní oṣù kẹrin ọdún 1822, tí wọ́n sì kó Àjàyí lọ sí Freetown. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní ọdún 1864, òun náà ni ó sì ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí a ń kà lónìí.

Mo fẹ́ kúrò ní ọjà báyìí kí n wá sórí ẹnu. Jákọ́bù ti sọ ohun tí ó tó nípa ahọ́n ní orí 3 ìwé rẹ̀, n kò sì ní tún un sọ. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará ìjọ ju láàárín àwọn tí kì í lọ sí ìjọ: òfófó tí ó wọ aṣọ àdúrà. «Ẹ bá mi fi arábìnrin báyìí sínú àdúrà o, mo gbọ́ pé ilé ọkọ rẹ̀ kò rọgbọ.» Kí alẹ́ tó lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí WhatsApp gbogbo ẹgbẹ́, arábìnrin náà sì wọ ilé ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi, ó rí ojú tí a fi ń wò ó, ó sì mọ̀. Ìwà ìkà ni. Olúwa wa fi ọ̀nà tí ó ṣe tààrà lélẹ̀ nínú Mátíù 18, ẹsẹ 15: bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Lẹ́yìn èyí ni ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, ìjọ ni ó sì kẹ́yìn. Àwa a máa yí i po: ìjọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà àwọn ẹlẹ́rìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni yóò sì gbọ́ kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá ìfẹ́ wà nínú òun, kí ó ka iye ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ yìí tí kò lè sọ níwájú onítọ̀hún.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ̀rọ̀ ìwà tútù àti ìpamọ́ra yìí, ohun kan wà tí ó pọn dandan kí n sọ, nítorí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. A ti fi ìpamọ́ra de àwọn obìnrin mọ́ ilé tí wọ́n ti ń lù wọ́n. A ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ fara dà á, kí wọ́n gbàdúrà sí i, pé ọkọ yóò yí padà, àwọn kan sì kú sínú ìfaradà náà. Mi ò rí i nínú Ìwé Mímọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe. Pọ́ọ̀lù tí ó kọ ìpamọ́ra sínú lẹ́tà sí àwọn ará Gálátíà ni wọ́n nà ní Fílípì láìdá ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí ó máa lọ ní jẹ́jẹ́, ó kọ̀, ó ní ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ni òun, kí wọ́n wá fúnra wọn láti mú òun àti Sílà jáde. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16. Ní Jerúsálẹ́mù, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi pàṣán nà án, ó tún fi òfin gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìpamọ́ra jẹ́ ohun tí ènìyàn ń yàn fúnra rẹ̀ nítorí ìfẹ́. Ẹni tí ń jẹun tí ó sì yó kò ní ẹ̀tọ́ láti yàn án fún ẹni tí ìyà ń jẹ. Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa irú ilé bẹ́ẹ̀, ìwà Onígbàgbọ́ tí ó kàn án ni pé kí ó bá obìnrin náà wá ibi ààbò, kí ó sì fi ẹjọ́ ọkùnrin náà tó àwọn tí ó yẹ létí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àgbà ìjọ.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dé ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò ti mọ́ ọn lára? Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé kí ó máa tọ́ ara rẹ̀ sí ìwà-bí-Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni Pétérù nínú lẹ́tà rẹ̀ kejì ní kí a ṣe aápọn gidi láti fi ìwà rere kún ìgbàgbọ́. Oore-ọ̀fẹ́ kò pa aápọn rẹ́. Ọkùnrin Faransé kan tí ń jẹ́ Nicolas Herman, ọmọ-ogun ni tẹ́lẹ̀, lọ di arákùnrin ní ilé àwọn Kámẹ́lì, ẹgbẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ní Paris, wọ́n sì fi í sí ilé ìdáná, iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi se oúnjẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń tún sálúbàtà ṣe, títí ó fi kú ní ọdún 1691. Àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ sọ pé ìkòkò tí ó wà lórí iná àti àdúrà kò yàtọ̀ fún un mọ́, nítorí ó ti kọ́ láti máa rántí Ọlọ́run nínú ohun gbogbo tí ó bá ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ọkàn òun a máa sá lọ, òun a sì máa fà á padà. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n má ṣe gbé gbogbo ìwà mẹ́sàn-án náà rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wá ibi kan tí ọwọ́ rẹ ti lágbára lórí ẹlòmíràn, kí o sì máa bi ara rẹ ní alaalẹ́ pé báwo ni mo ṣe lo ọwọ́ yìí lónìí. Awakọ̀ yóò wo ṣéńjì tí ó fún àwọn èrò. Olùkọ́ yóò wo bí ó ṣe máàkì ìwé ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í mú ẹ̀bùn wá. Nọ́ọ̀sì yóò wo ohùn tí ó fi dá arúgbó tí ń pè é lóru lóhùn. Bí ó bá sì rí i pé òun ṣe àìdáa, kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó sì tọrọ lọ́wọ́ arúgbó náà pẹ̀lú.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àti àwọn tí ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀, mọ òtítọ́, wọ́n sì ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ìsọ̀ Alhaja tí kóńgò rẹ̀ pé. Nígbà tí balógun ọ̀rún ará Róòmù sọ̀rọ̀ ní Kapanáúmù, Jésù ní òun kò rí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ísírẹ́lì pàápàá. Kò tijú láti yin ẹni òde níwájú àwọn ará ilé.

Mo fi ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí pé ó kan àwa tí a wà ní ìpàdé yìí gan-an. Léfítíkù 19 ní kí owó iṣẹ́ alágbàṣe má ṣe sùn lọ́wọ́ ẹni di òwúrọ̀, Diutarónómì 24 sì sọ ìdí rẹ̀: tálákà ni, ọkàn rẹ̀ gbé ojú lé owó náà, bí a kò bá san án, yóò ké pe Olúwa, yóò sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn. Jákọ́bù, ní orí 5, ní owó ọ̀yà tí a fi èrú dá dúró ń ké, igbe àwọn olùkórè sì ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun. Nínú ilé wa, ọmọ ọ̀dọ̀ wà tí a ń san owó rẹ̀ fún ẹlòmíràn tí kò sì mọ iye rẹ̀. Awakọ̀ wà tí a ń dúró dìgbà tí ó bá bẹ̀bẹ̀ kí a tó san owó oṣù tí ó kọjá. Oníṣẹ́ ọwọ́ wà tí ó ti parí iṣẹ́, tí a ń sọ fún pé kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí aṣọ ẹbí ti wà nínú báàgì wa.

Ṣùgbọ́n kí a tó wo ilé, ẹ jẹ́ kí a wo inú ìjọ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè olówó iyebíye, tí ẹni tí ń gbá ilé ìsìn, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lóru àti ẹni tí ń tẹ dùùrù kò tíì rí owó wọn gbà láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Tí wọ́n bá sì béèrè, a ó ní iṣẹ́ Olúwa ni, kí wọ́n ṣe sùúrù. Àwọn olùkọ́ wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀ tí owó oṣù wọn kò lè rán ọmọ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ yín ni pé, nínú ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí a tó mẹ́nu kan òrùlé, kí a tó mẹ́nu kan àyájọ́ ìkórè, kí akápò mú ìwé tí orúkọ gbogbo ẹni tí ìjọ gbà síṣẹ́ wà nínú rẹ̀ jáde, kí ó ka iye tí ó yẹ kí olúkúlùkù gbà àti oṣù tí wọ́n san án fún gbẹ̀yìn. Bí gbèsè bá wà, kí ẹ san án láti inú owó ilé kíkọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí iye tí ẹ ń san kò bá tó ẹni náà jẹun, kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì dá òrùlé dúró.